Ayé: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ọ̀rọ̀ tí a ń pè láti òwúrọ̀ dalẹ́

Ọmọkùnrin kan wà tí mò ń kọ́ ní Yorùbá lórí fóònù ní gbogbo Sátidé. London ni wọ́n bí i sí, ọmọ ọdún méjìlá ni. Mo fún un ní iṣẹ́ àṣetiléwá kan: kó jókòó ti ìyá bàbá rẹ̀ tó wá kí wọn láti Ìbàdàn, kó máa kọ ọ́ sílẹ̀ nígbàkígbà tí màmá bá pe "ayé", fún odindi ọjọ́ kan. Mọ́kànlá ló kọ. Ó ní, "Tíṣà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n lò ó fún ayé inú ìwé jọ́gíráfì wa. Mẹ́sàn-án jẹ́ nǹkan mìíràn. Èyí tó kẹ́yìn ò yé mi rárá."

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ìbéèrè yìí jọ: tirẹ̀, ti àwọn òbí tó ń pè mí, àti ti àwọn tó ń túmọ̀ ìwé, tí wọ́n máa ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi lóru bí ẹni pé èmi ni babaláwo wọn.

Kí ni ayé túmọ̀ sí gan-an?

Bí ẹ bá fi dandan lé e pé gbólóhùn kan lẹ fẹ́: ayé ni ibi tí èèyàn ń gbé, àwọn èèyàn tó ń gbé ibẹ̀, àti ìgbà tí wọ́n fi gbé e. Ó wá sáyé, ibi nìyẹn. Ayé ti gbọ́, èèyàn nìyẹn. Láyé bàbá mi, ìgbà nìyẹn. Kò sí ọmọ Yorùbá tó ń dúró ro èwo ni èwo kó tó sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ń fi Gẹ̀ẹ́sì ronú ló máa ń rò pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó jọra ni, torí Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èmi ní ohun kan tí mo fi ń dá a mọ̀, ẹ ó sì rí i níwájú: níbi tí a bá ti pe ayé, ẹ wá èèyàn ibẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ibi tí ẹ ò ní í bá wọn.

Ṣé ayé àti ilẹ̀ kì í ṣe ohun kan náà ni?

Rárá o. Ilẹ̀ là ń ro, là ń wọ̀n, là ń tà, tí ọmọ ìyá méjì ń tìtorí ẹ̀ lọ sí kóòtù. Ta ló ta ayé rí?

Ẹ rántí ìtàn Ilé-Ifẹ̀. Omi ló kún gbogbo ibẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n rọ̀ wá láti òkè pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ nínú ìkarahun ìgbín àti adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún. Àwọn kan ní Ọbàtálá ni wọ́n kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́, pé ẹmu ló pa á tó fi sùn lọ, tí Odùduwà fi gba iṣẹ́ ṣe. Wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ sórí omi, adìẹ ń tàn án, ilẹ̀ ń fẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: ilẹ̀ ni adìẹ tàn. Adìẹ ò tan ayé. Àmọ́ nígbà tí a bá ń ki ìlú náà, Ifẹ̀ Oòdáyé là ń pè é, ibi tí wọ́n ti dá ayé. Bí mo ṣe gbọ́ ọ ni pé ilẹ̀ wà ná, ayé wá bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn tó rọ̀ wá kọ̀ láti padà, tí wọ́n kọ́lé, tí wọ́n dáná.

Bí ẹ bá gbọ́ "ilé ayé" tàbí "òde ayé", ọ̀rọ̀ kan náà ló wọ aṣọ. Ilé ayé ni ti àdúrà àti ìwàásù, òde ayé ni ti ìtàn àti orin. Ní ti àlàyé, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀run ńkọ́? Ṣé òdìkejì ayé ni?

Òdìkejì kọ́, ìdajì kejì ni. Àwọn àgbà máa ń fi igbá ṣàpèjúwe rẹ̀, igbá tí wọ́n dé lórí ara wọn: ìdérí lókè ni ọ̀run, ìdajì ìsàlẹ̀ ni ayé. Ẹ ò lè ní ìdérí kẹ́ ẹ má ní igbá.

Ìdí nìyẹn tí èdè wa fi ní aráyé àti ará ọ̀run, bí a ṣe ní ará Ọ̀yọ́ àti ará Ìjẹ̀bú. Egúngún tó bá jáde lọ́jọ́ ọdún, ará ọ̀run ni. Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀: ó máa ń há, ó sì máa ń rinlẹ̀ bí ìgbà tí nǹkan bá há èèyàn lọ́fun, torí kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ bí aráyé. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan máa ń sọnù nílé ní gbogbo ọjọ́ ọdún, á tún yọ lálẹ́, ohùn rẹ̀ á ti há. Kò sẹ́ni tó bi í níbi tó lọ.

"Ayé lọjà, ọ̀run nilé" ni gbogbo èèyàn mọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò rò dé ìsàlẹ̀ ni pé wọn kì í fi ọjà wé ibi burúkú. Ọjà ni ibi ariwo, ibi èrè, ibi tí ìwọ àti ẹni tí o ò mọ̀ rí ti ń fara kínra. Ẹni tó bá ń fi gbólóhùn yẹn sọ pé ayé ò já mọ́ nǹkan kan ò tíì bá ìyá ọlọ́jà jókòó nísọ̀.

Kí ló dé tí mò ń rí "aiye" nínú ìwé àtijọ́?

Àkọtọ́ àtijọ́ ni. Bí àwọn ìjọ ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, bó ṣe wà nìyẹn nínú Bíbélì Mímọ́ tó parí ní 1884, tí Àjàyí Crowther jẹ́ òpómúléró iṣẹ́ ìtumọ̀ rẹ̀. Àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 ló yọ "i" yẹn dànù, tó sọ "enia" di ènìyàn, tó sọ "aiya" di àyà. Ìlú àti orúkọ ìdílé ò tẹ̀ lé e pátá. Bí ìwé ìbí bàbá yín bá ń jẹ́ Aiye-kan-ṣá, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá lọ tún un ṣe ní báńkì ló máa mọ̀ pé àkọtọ́ kì í ṣe eré.

Ayé, àyè, ààyè, ìyè: ọ̀kan náà ni wọ́n ń dún létí ọmọ mi. Kí ni mo máa ṣe?

Ẹ jẹ́ kó gbọ́ ìtàn yìí. Ní bí ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, tí Iléyá ku ọ̀la, àbúrò mi ọkùnrin wà ní gáréèjì ní Èkó, ó ń wá ọkọ̀ bọ̀ wálé. Ọkọ̀ kún. Ó wá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí bàbá wa, láìfi àmì kankan sí i: "Baba, ko si aye fun mi mo. E ma binu."

Ohun tó ní lọ́kàn ni pé kò sí àyè fún òun mọ́ nínú ọkọ̀. Ohun tí Bàbá kà ni pé kò sí ayé fún ọmọ òun mọ́. Bàbá ṣí fìlà, wọ́n ké pe ìyá wa, ìyá wa ké pe àdúgbò. Kí wọ́n tó rí i pè lórí fóònù, Bàbá ti wà lórí ọ̀kadà, wọ́n ń lọ sí títì márosẹ̀, ẹsẹ̀ kan wọ bàtà, ẹsẹ̀ kejì wà ní òfìfo. Nígbà tí ọmọ gbé fóònù, tó ní òun ń jẹ gúgúrú ní gáréèjì, ẹ lè fojú inú wo ohun tí Bàbá sọ sí i. Títí dòní, Bàbá máa ń sọ pé kí gbogbo èèyàn máa fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Àwọn náà kì í fi sí i.

Nítorí náà: àyè ni ibi tó ṣófo tàbí ìgbà tó rọgbọ. "Mi ò ráyè" ni pé ọwọ́ mi dí. "Ẹ fún un láyè" ni kí ẹ yà fún un tàbí kí ẹ gbà fún un. "Láyè ara rẹ̀" ni pé kò sí ẹni tó ń dà á láàmú. Ààyè ni ti ẹni tí kò kú: ó wà láàyè. Ìyè ni ẹ̀mí fúnra rẹ̀, èyí tí àwọn Kristẹni ń pè ní ìyè àìnípẹ̀kun. Ẹ má sì jẹ́ kó dàpọ̀ mọ́ iyè, èyí tó jẹ́ ọpọlọ àti ìrántí: "iyè mi sọ" ni pé nǹkan ọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sí mi lọ́kàn.

Ẹ jẹ́ kó máa fi ẹnu pè é. Ọmọ tó bá lè kọrin lè mọ ìyàtọ̀ ayé àti àyè ní ọ̀sẹ̀ kan.

Báwo ni ayé ṣe di ìgbà?

Bí ìgbà ọba ṣe ń jẹ́ tirẹ̀. Kí a tó ní kàlẹ́ńdà, ẹni tó wà lórí oyè ni à ń fi ka ọdún. Ẹ ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ará Ọ̀yọ́ rí: "Láyé Abíọ́dún la fi igbá wọn owó, láyé Aólẹ̀ la di àdìkálẹ̀." Aláàfin méjì tó tẹ̀ lé ara wọn ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún nìyẹn. Láyé ti àkọ́kọ́, owó pọ̀ débi pé igbá ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Láyé ti èkejì, ẹrù ni wọ́n ń dì tí wọ́n ń sá. Ọ̀rọ̀ kan náà, "láyé", ló gbé àlàáfíà àti ìfọ́nká méjèèjì.

A ò tíì fi àṣà yẹn sílẹ̀. "Láyé Awólọ́wọ̀" ni àwọn bàbá wa ń sọ bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1955. Màmá tí ọmọ London yẹn jókòó tì sọ pé láyé Gówọ́n ni wọ́n ra ẹ̀rọ ìránṣọ àkọ́kọ́, nígbà tí owó Údọ́jì, àfikún owó oṣù tí ìjọba san fún àwọn òṣìṣẹ́, jáde. Ọmọ náà bi mí pé ta ni Gówọ́n tó ni ayé. Mo ní kò ni ín, wọ́n kàn yá a lò fún ọdún mẹ́sàn-án ni.

Àkókò tó ju ti ẹnì kan lọ náà wà níbẹ̀: ayé àtijọ́, ayé ọ̀làjú, ayé òde òní, títí ayé. Àṣà àdáyébá ni èyí tí a dé ayé bá. Ẹ tún wo "ìgbésí ayé", bí èèyàn ṣe lo ọjọ́ tirẹ̀ láti ìkúnlẹ̀ ìyá dé ibojì.

Ìròyìn ní ìjàǹbá ọkọ̀ "wáyé" ní márosẹ̀. Ṣé wọ́n bí ìjàǹbá ni?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ kan náà ni: wá sí ayé. Ọmọ ń wáyé, ìpàdé ń wáyé, ìdìbò ń wáyé, ìjàǹbá náà ń wáyé. Lójú èdè wa, ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ ò tíì dé ibi tí èèyàn wà. Bí ó bá parí ńkọ́? Ti èèyàn nìkan ló ní ìdágbére: ó jáde láyé, ó dágbére fáyé. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé ìpàdé dágbére fáyé, àfi bí ìpàdé ọ̀hún bá jẹ́ ti ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa.

Kí ló dé tí àwọn èèyàn ń bẹ̀rù "ayé"? Ṣé àjẹ́ ni?

Ẹ jẹ́ ká lọ díẹ̀díẹ̀.

Ayé ní ẹnu. "Ẹnu ayé lẹbọ" ni pé ohun tí àwọn èèyàn ń sọ nípa ẹni tó ohun tí a ń torí ẹ̀ rúbọ. Ayé ní ojú. Ẹni tó ń sunkún níbi òkú nígbà tí àlejò bá wọlé, tó sì ń jẹ ẹran nígbà tí wọ́n bá jáde, ojú ayé ló ń ṣe. Ayé ní ọwọ́ pẹ̀lú: "ọwọ́ aráyé ló wà níbẹ̀." Ohun tó ní ẹnu, ojú àti ọwọ́, kí ni kì bá ṣe bí kò ṣe èèyàn?

Nítorí náà, bí màmá bá ní "ayé le", kì í ṣe pé owó ò sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó lè má sí lóòótọ́. Ó ń sọ pé àwọn èèyàn ò rọrùn. Ẹnìkejì gbólóhùn náà ló ń tú u fó: "ayé le, ènìyàn ò sunwọ̀n." Àwọn tó ń túmọ̀ máa ń sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìṣẹ́ àti òṣì, gbogbo ìgbà ni mo sì máa ń fi pẹ́ẹ̀nì pupa pa á.

Lẹ́yìn náà ni ìtumọ̀ tó ṣókùnkùn: àwọn ayé, àgbà ayé, àwọn ìyá ayé. Orúkọ àpọ́nlé ni fún àwọn tí a gbà pé wọ́n ní agbára àṣírí, àwọn ẹlẹ́yẹ. A ò pe orúkọ wọn gan-an, a kàn ní "ayé", ẹni tó gbọ́ gbọ́. Ní ilẹ̀ Kétu àti Yewa, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni wọ́n fi ń tù wọ́n lójú: ọkùnrin gbé ère sórí, ó wọ aṣọ obìnrin, ó ń jó fún àwọn ìyá. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ogún pàtàkì aráyé ní 2001, lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe yí: ijó tí wọ́n ń jó fún ayé wá di ohun ìní gbogbo ayé.

Èrò tèmi ni pé a ti lo ìtumọ̀ yìí jù. Ẹni tí kò lọ sí ibi iṣẹ́ fún oṣù méjì, tí wọ́n wá lé e, á ní ayé ló ṣe òun. Àwọn àgbà tó sọ pé "ayé ò fẹ́ ká rẹrù ká sọ̀" ò dákẹ́ síbẹ̀, wọ́n ní "orí ẹni ní í sọni." Ìdajì àkọ́kọ́ nìkan la máa ń rántí.

Pásítọ̀ wa ní ká má fẹ́ràn ayé, Bíbélì kan náà ní Ọlọ́run fẹ́ràn rẹ̀. Èwo ni ká ṣe?

Ẹ ṣí Bíbélì Yorùbá, ẹ ó rí i pé àwọn tó túmọ̀ rẹ̀ ti bá yín yanjú ẹ̀. Nínú Jòhánù 3:16, Ọlọ́run fẹ́ *aráyé* tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́. Nínú Jòhánù Kìn-ín-ní 2:15, a ní ká má fẹ́ràn *ayé* tàbí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ní èdè Gíríìkì, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà níbi méjèèjì. Yorùbá ló pín in sí méjì: àwọn èèyàn gba ìfẹ́, àṣà àti afẹ́ inú rẹ̀ gba ìkìlọ̀. Lójú tèmi, iṣẹ́ ọgbọ́n ni.

Láti ibẹ̀ ni èdè ṣọ́ọ̀ṣì ti wá: orin ayé, aṣọ ayé, "ó ti padà sínú ayé". Mo mọ akọrin ìjọ kan tí wọ́n bá wí torí pé ó ń fi ohùn fújì kọ orin ìyìn. Wọ́n ní ohùn ayé ni. Ó ní níbo ni wọ́n ti fẹ́ kí òun ti mú òmíràn wá.

Ṣé ìwà ìbàjẹ́ ni "jayé"?

Jẹ ayé. A ń jẹ oyè, a ń jẹ gbèsè, a ń jẹ ìyà, a sì ń jẹ ayé. Jẹ́ ká fi sí i pé ohun tó bá wọ ara ẹni la ń jẹ. Ọ̀dọ́ máa ń rò pé jayé ni ọtí, orin àti owó níná lójú agbo, ẹni tó bá sì sọ ọ́ di iṣẹ́ là ń pè ní jayéjayé. Àmọ́ ẹ lọ síbi òkú arúgbó ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, ẹ gbọ́ ohun tí àwọn ọmọ ń sọ: "Màmá jayé." Màmá yẹn lè má mu ọtí rí. Ó tọ́ ọmọ, ó rí ọmọ ọmọ, kò fi ojú sunkún ọmọ. Ìyẹn náà ni jayé, bóyá òun gan-an ni.

Aláyé ni ọba, aláyé náà ni ọmọ gáréèjì. Báwo?

Ọba ni Aláyélúwà, Kábíyèsí. Àwọn ọmọ ìta Èkó gba ìdajì rẹ̀, wọ́n fi ń kí ara wọn: "Aláyé, báwo ni?" Ẹni tó ni ayé nìyẹn, ì báà jẹ́ ayé tó bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀ṣọ́dì tó parí sí Mushin. Ẹ má fi kí bàbá ìyàwó yín.

Àgbáyé àti káríayé, èwo ni mo máa lò?

Àgbáyé ni gbogbo rẹ̀ lápapọ̀: Àjọ Ìlera Àgbáyé, Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, èyí tí Nàìjíríà kọ́kọ́ lọ ní 1994 ní Amẹ́ríkà. Káríayé ni ohun tó kọjá láti ibì kan dé ibòmíràn, kárí ayé: pápákọ̀ òfurufú káríayé, gbajúmọ̀ káríayé. Ogun tó jà láti 1939 sí 1945, ìwé pè é ní Ogun Àgbáyé Kejì. Àwọn bàbá wa tó lọ jà á pè é ní Ogun Hítílà, ó sì yé wọn ju ti ìwé lọ.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú fóònù yín. Lẹ́tà kan péré ló wà láàárín àgbáyé àti àgbáyà. Mo ti rí ibi tí wọ́n kọ "Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyà" sí gàdàgbà, mo sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Bí mo bá ń kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì, ṣé ayé náà ni mo máa lò?

Ayé tàbí ilé ayé, ó tó. "Ilé ayé rí rogodo, ìbú rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 12,742, ó jìnnà sí oòrùn tó mílíọ̀nù kìlómítà 150, ó ń yí po oòrùn ní ọjọ́ 365 àti díẹ̀." Ọmọ á gbọ́ ọ. Ibí yìí nìkan ni òfin tí mo fi ń wá èèyàn nínú ayé ti fẹ́ já, torí ayé ti sáyẹ́ǹsì ti ń yí kí ẹnikẹ́ni tó wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà gúnlẹ̀ sórí òṣùpá ní 1969, kò sí Yorùbá tó ní wọ́n dé ayé mìíràn. Òṣùpá ni wọ́n dé. Bí wọ́n bá kọ́lé síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, tí wọ́n bímọ síbẹ̀, ẹ padà wá bi mí.

Ṣé lóòótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ yìí wà ní Brazil àti Cuba?

Ó wà níbẹ̀ gbọnyingbọnyin. Ní 1974, ní àdúgbò Curuzu ní Liberdade, ìlú Salvador ti Bahia, àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú dá ẹgbẹ́ onílù àti oníjó sílẹ̀ fún kànífà. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni Ilê Aiyê. Ilé Ayé ni o, pẹ̀lú "i" tiwa àtijọ́ láàárín. Wọ́n jáde fún ìgbà àkọ́kọ́ ní kànífà 1975, wọ́n ṣì ń jáde.

Èkejì ni Ọbalúayé, òrìṣà ìgbóná. Ní ilé níbí, Ṣọ̀pọ̀ná ni orúkọ tí a ń bẹ̀rù láti pè, tí a fi ń ní Ọba, tí a fi ń ní Ilẹ̀gbóná. Brazil ń pè é ní Obaluaiê, Cuba ń pè é ní Babalú Ayé, wọ́n sì so ó pọ̀ mọ́ San Lázaro. Ní 17 Oṣù Kejìlá ọdọọdún, ogunlọ́gọ̀ ń lọ sí El Rincón lẹ́bàá Havana, àwọn mìíràn ń fi orúnkún rìn lórí ọ̀dà títì torí ẹ̀jẹ́. Ìgbóná tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ bẹ̀ ẹ́ ti kúrò nílẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde rẹ̀ ní 1980. Aláyé fúnra rẹ̀ ò lọ síbì kankan.

Àwọn orúkọ tó ní ayé nínú ńkọ́?

Àwọn ìlú ló pọ̀ jù. Ayédire wà ní Ọ̀ṣun: ayé di ire. Ayétòrò pọ̀ káàkiri, àmọ́ èyí tí mo máa ń rò ni ti Ìlàjẹ, ní etí òkun Oǹdó. Àwọn onígbàgbọ́ Aposteli ló tẹ̀ ẹ́ dó ní 1947 lórí àbàtà, wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń jẹ, àpò kan ni gbogbo wọn ń kówó sí. Ayé tòrò níbẹ̀ fún ìgbà kan lóòótọ́. Òkun ló ń jẹ ẹ́ báyìí, ó ti kó ọ̀pọ̀ ilé lọ, àwọn ará ibẹ̀ sì ti pariwo sí ìjọba títí.

Ẹyẹ náà ní tirẹ̀: ayékòótọ́ ni odídẹrẹ́, torí ó máa ń sọ ohun tó gbọ́ bó ṣe gbọ́ ọ, ayé ò sì fẹ́ òótọ́. Ayédèrú ni ohun tí kì í ṣe ojúlówó, láti orí oògùn dé orí owó dé orí ìwé ẹ̀rí. Ẹ ò rí i pé aráyé la tún dẹ́bi fún?

Kí wá ni ti kọkànlá tí ò yé ọmọ yẹn?

Ó ní lálẹ́ ọjọ́ náà, màmá parí ọ̀rọ̀ lórí fóònù pẹ̀lú ẹnì kan ní Ìbàdàn, wọ́n gbé fóònù sórí ẹsẹ̀, wọ́n wo ògiri fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Ayé o." Ó parí síbẹ̀. Ṣé ibi ni, ṣé èèyàn ni, ṣé ìgbà ni? Mo ní kó lọ bi wọ́n. Ó lọ. Màmá ní òun ò rántí pé òun sọ nǹkan kan, pé kó lọ bá òun pọn omi tíì wá.